Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Wáyà Kò Wọ́n, Ọwọ́ Tó Ń Tẹ̀ Ẹ́ Ló Wọ́n

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti dáwọ́ lé, tí àwọn mìíràn sì ń rò lọ́kàn: kí a máa fi wáyà ṣe yẹtí, ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka nínú ilé, kí a sì máa tà á. Iṣẹ́ tí kò gba ṣọ́ọ̀bù ni. Kò gba ẹ̀rọ, kò sì gba kí iná mànàmáná wà. Tábìlì kékeré kan, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ẹ̀mú mẹ́ta, ìdì wáyà kan, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi wu akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sílé nígbà tí àwọn olùkọ́ bá da iṣẹ́ sílẹ̀, tó wu ìyá ọmọ tuntun, tó sì wu ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti gba ìwé ẹ̀rí tí kò tíì ríṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a ń rí léraléra. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, gbogbo ènìyàn á máa yìn ín, ọjà rẹ̀ á sì máa tà. Kí Iléyá tó dé, ìdì wáyà ti tán, owó tí yóò fi ra òmíràn kò sì sí mọ́. Kò ná ìnákúnàá. Ẹnikẹ́ni kò jà á lólè. Síbẹ̀ owó ti lọ. Ibi tí owó náà gbà lọ ni a fẹ́ wá nínú ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ wáyà rẹ̀ kò lè mọ iye tó yẹ kó tà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fojú kékeré wo iṣẹ́ wáyà. Nínú Súúrà Saba, tíí ṣe orí 34 nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, a gbọ́ pé Ọlọ́hun rọ irin fún Ànábì Dáúdà, Ó sì pa á láṣẹ pé kí ó máa ṣe ẹ̀wù ogun, kí ó sì wọn àwọn òrùka rẹ̀ bó ti yẹ. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe nínú àwòrán, yóò mọ̀ pé òrùka irin kéékèèké lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ni, tí a kọ́ mọ́ ara wọn. Ọba ni Dáúdà, Ànábì ni pẹ̀lú, hádíìsì sì kọ́ wa pé nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ti ń jẹun. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àṣẹ yẹn tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Òrùka tó bá fẹ̀ jù, ọfà á gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tó bá kéré jù, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò ní lè tẹ apá. Òun náà ni pẹ̀lú yẹtí, òun náà sì ni pẹ̀lú owó.

WÁYÀ WO NI KÍ A RÀ?

Orí bàbà pupa ni kí akọ́ṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀, bí o bá sì ba á jẹ́, kò dunni bí fàdákà. Àwọn oníṣẹ́ iná tó ń fa wáyà sínú ilé tuntun sábà máa ń ní gígékù tí wọn kò lò mọ́. Lọ bá wọn, kí o rà á lọ́wọ́ wọn. Fi ọ̀bẹ la ọ̀rá tó wà lára rẹ̀, kí o sì bó o bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Má ṣe dáná sun ún kí ọ̀rá náà lè jó kúrò, bí àwọn tó ń ṣa irin àlòkù ti máa ń ṣe. Májèlé ni èéfín rẹ̀, inú ilé tí ọmọdé wà ni ìwọ sì ti ń ṣiṣẹ́. Wáyà tí wọ́n fi ń wé mọ́tò fáànù náà jẹ́ bàbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti kun ún ní fáníìṣì. O lè tẹ̀ ẹ́ bó ti wà, má kàn gbé e sórí iná.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Wáyà ilé tí wọ́n ń pè ní 1.5, kì í ṣe pé ó nípọn tó mìlímítà kan àbọ̀. Fífẹ̀ ojú ibi tí a ti gé e ni 1.5 yẹn ń sọ. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó gan, nǹkan bíi mìlímítà 1.4 ni sísanra rẹ̀. Ó dára fún ẹ̀gbà ọwọ́, ó ti nípọn jù fún yẹtí.

Bí o bá wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta wáyà ọ̀ṣọ́, nọ́ńbà ni wọn yóò máa pè fún ọ, nọ́ńbà náà sì ń lọ sẹ́yìn: bó bá ṣe ń ga sí i ni wáyà ń tín-ín-rín sí i. Ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì kò tilẹ̀ bára mu. Nọ́ńbà 20 ti Amẹ́ríkà jẹ́ mìlímítà 0.81, nọ́ńbà 20 ti Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ 0.91. Ẹni tó ra ọ̀kan lónìí tó tún ra èkejì lóṣù tó ń bọ̀ yóò máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ìkọ́ yẹtí òun kò wọ ihò etí oníbàárà mọ́. Mìlímítà ni kí o máa bèèrè. 0.8 ni ti ìkọ́ yẹtí àti àwọn ojú kéékèèké tí a fi ń so ìlẹ̀kẹ̀ rọ̀. 1.0 títí dé 1.5 ni ti ẹ̀gbà ọwọ́ àti egungun ọ̀ṣọ́ ńlá. 0.4 ni èyí tí a fi ń wé e, bí òwú lára irun.

Idẹ ni bàbà tí a po sínkì mọ́. Ó le ju bàbà lọ, ó sì jọ wúrà lójú. A óò padà sórí jíjọ tó jọ wúrà yìí. Álúmíníọ́ọ̀mù fúyẹ́, ó sì rọ̀ púpọ̀, ó dára fún kíkọ́ṣẹ́ àti fún ẹ̀gbà ọwọ́ gbàǹgbà, ṣùgbọ́n ìkọ́ tí a bá fi ṣe kò lágbára. Fàdákà tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sábà máa ń ní òǹtẹ̀ 925, ìyẹn ni pé nínú ìdá 1,000, ìdá 925 jẹ́ fàdákà, ìyókù sì sábà máa ń jẹ́ bàbà. Èyí tí wọ́n ń pè ní fàdákà Jámánì ńkọ́? Kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀. Bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti sínkì ni wọ́n yọ́ pọ̀. Níkẹ́ẹ̀lì yìí sì ni ọ̀pọ̀ ara kò gbà: etí á máa yún, á wú, á máa ṣomi. Nítorí rẹ̀ ni Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fi ṣe òfin ní 1994 láti dín iye níkẹ́ẹ̀lì tí ọ̀ṣọ́ ara lè jẹ́ kó kan awọ ènìyàn kù. Nítorí náà, ohunkóhun tí o bá fi ṣe ara yẹtí, fàdákà 925 ni kí o fi ṣe ìkọ́ tó ń wọ inú etí. Kékeré ló gbà, ó sì ń gba oníbàárà lọ́wọ́ egbò.

LÓRÍ TÁBÌLÌ

Ẹ̀mú mẹ́ta tí a wí yẹn ni ẹlẹ́nu róbótó tí a fi ń ká wáyà, ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí a fi ń dì í mú, àti èyí tí a fi ń gé e. Fi òòlù kékeré kan kún un, àti fáìlì ìrin tó kúnná. Àwọn tó fẹ́ràn ohun èlò á ní kí o ra ogún nǹkan. Má dá wọn lóhùn títí ọjà àkọ́kọ́ yóò fi tà.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, bí a bá sọ pé yẹtí kan, tọ̀tún tòsì ni a ń sọ. Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, nítorí ohun tó rọrùn ni láti ṣe ọ̀kan tó lẹ́wà. Kí èkejì jọ ọ́ ni iṣẹ́. Gé wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kí o tó tẹ ọ̀kankan. Fi bírò fa ìlà sára ẹnu ẹ̀mú róbótó níbi tí o ti ká ojú àkọ́kọ́, kí o sì ká gbogbo ìyókù lójú ìlà yẹn. Ẹnu ẹ̀mú náà tín-ín-rín níwájú, ó sanra lẹ́yìn, bí ọwọ́ bá sì yẹ̀ díẹ̀, ojú kan á tóbi ju èkejì lọ. Má ṣe parí ọ̀kan kí o tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ṣe ìgbésẹ̀ kan fún tọ̀tún, kí o ṣe é fún tòsì, kí o tó bọ́ sí ìgbésẹ̀ tó kàn.

Bàbà ní ìwà kan. Bí o bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ni yóò máa le tó, títí yóò fi ṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìwà yìí wúlò: fi òòlù lu ìkọ́ yẹtí díẹ̀díẹ̀ lórí irin pẹlẹbẹ, yóò le, kò sì ní máa là nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀ ọ́. Bó bá ti le jù kí o tó tẹ̀ ẹ́ tán, gbé e sórí iná gáàsì títí yóò fi pọ́n, kí o rì í bọ omi, yóò rọ̀ padà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tó bá ń ka èyí á fẹ́ bá wa jiyàn, nítorí irin ọ̀bẹ tí a rì bọ omi nígbà tó pọ́n, líle ló ń le. Òótọ́ ló sọ nípa irin. Bàbà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ìkọ́ tí a gé máa ń mú bí abẹ́rẹ́. Fi fáìlì pa á, kí o sì rọra fà á kọjá lórí ìborùn tó fẹ́lẹ́. Bó bá ṣì ń fa òwú, kò tíì tó fi sí etí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí o bá ń gé wáyà, fi ìka di èyí tí yóò já dànù mú, nítorí ó lè fò bá ojú. Wọ jígí bí o bá ní in. Kí o sì gbálẹ̀ dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́. Inú ilé ni a wà, ọmọ tó ń rákòrò kò mọ èyí tó jẹ́ wáyà yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ oúnjẹ.

Bàbà á dúdú bó bá pẹ́, òógùn sì lè mú kí ó fi àmì àwọ̀ ewé sára ènìyàn. Àmì yẹn kì í pani lára, omi àti ọṣẹ á fọ̀ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n sọ fún oníbàárà kí ó tó rà á. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ díẹ̀ ló ń dá pípọ́n rẹ̀ padà. Kí ó fi omi ṣàn án lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì nù ún gbẹ.

ÌṢIRÒ TÍ Ọ̀PỌ̀ Ń SÁ FÚN

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí owó gbà lọ. Mítà kan wáyà bàbà tó jẹ́ mìlímítà 0.8 wọn gíráàmù mẹ́rin àbọ̀. Nínú kílò kan, nǹkan bíi mítà 220 ló wà níbẹ̀. Ká ní ara yẹtí kan gba sẹ̀ǹtímítà 30. Bí a bá tilẹ̀ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún gígékù àti èyí tó bàjẹ́, kílò kan yóò ṣe yẹtí tó lé ní 600. Ẹ tún un kà. Kílò kan, yẹtí tó lé ní 600. Nígbà náà, bí oníbàárà bá ní “wáyà lásán kọ́ nìyí, kí ló dé tó fi wọ́n?”, òótọ́ ló sọ nípa wáyà. Wáyà kò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá fi iye wáyà díye lé yẹtí, o ti fi ọwọ́ ara rẹ ta á lọ́rẹ.

Èwo ló wá wọ́n? Àkókò rẹ ni. Ẹ jẹ́ ká fi owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní 2024 ṣe òṣùwọ̀n, ìyẹn ₦70,000. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ fún ọjọ́ 22 ti ṣe wákàtí 176. Pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦400 fún wákàtí kan. Owó kékeré ni, kò sì sí ẹni tó yẹ kó gbà kéré sí i lórí iṣẹ́ tó gba ojú àti ọwọ́ báyìí. Gbé aago síwájú rẹ, kí o wo ìṣẹ́jú tí yẹtí kan ń gbà láti orí gígé dé orí lílẹ̀ mọ́ páálí. Ká ní 40 ni. Owó iṣẹ́ rẹ lórí yẹtí náà jẹ́ nǹkan bíi ₦270.

Ká tún ní wáyà, ìlẹ̀kẹ̀, ìkọ́ fàdákà àti páálí jẹ́ ₦450, kí owó mọ́tò lọ sọ́jà àti gbígbó ohun èlò sì kó ₦100 lé yẹtí kan. Ìwọ̀nyí jẹ́ àpẹẹrẹ. Fi iye ọjà àdúgbò rẹ rọ́pò wọn. ₦450 àti ₦100 jẹ́ ₦550: ojú owó nìyẹn. Fi ₦270 owó iṣẹ́ kún un, ó di ₦820. Fi èrè ₦180 lé e, kí a tà á ní ₦1,000.

Báwo ni arábìnrin wa tí owó rẹ̀ lọ kí Iléyá tó dé ṣe ṣe tirẹ̀? Ó ra nǹkan ní ₦450, ó ta yẹtí ní ₦700, ó sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun jèrè ₦250. Kò jèrè kọ́bọ̀. Yọ ₦100 ti ọkọ̀ àti ohun èlò tí kò kà, ó ku ₦150 fún 40 ìṣẹ́jú. ₦225 ni fún wákàtí kan. Owó iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kò pé, kí a tó máa sọ̀rọ̀ èrè. Nítorí pé ó sì gbà pé èrè ni ₦250, ó fi ra ata, ó fi ra káàdì fóònù, ₦100 tó jẹ́ ti ojú owó bá a lọ ní gbogbo ìgbà. Lórí yẹtí 30, ₦3,000 ojú owó ti di ọbẹ̀. Bí owó ṣe ń lọ nìyẹn. Kò sí àǹjọ̀nú kan níbẹ̀, kò sì sí ayé tó ń bá ẹnikẹ́ni jà.

Ohun tó yẹ ni pé kí àpò mẹ́ta wà, ì báà ṣe agolo mílíìkì mẹ́ta. Bí ₦1,000 bá wọlé, ₦550 bọ́ sínú ti ojú owó, ₦270 sínú ti owó iṣẹ́, ₦180 sínú ti èrè. Owó iṣẹ́ jẹ́ tìrẹ, jẹ ẹ́, wọ̀ ọ́, fi tọrẹ. Èrè ni o fi ń ra ẹ̀mú tó dára, tàbí wáyà fàdákà àkọ́kọ́. Ojú owó kì í ṣe tìrẹ títí yóò fi padà di wáyà. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, tí o sì ní láti mú nínú rẹ̀, mú un. Ọmọ ju wáyà lọ. Ṣùgbọ́n kọ iye tí o mú sílẹ̀, kí o mọ̀ pé ìwọ ni o jẹ ẹ́ ní gbèsè.

ẸBÍ, Ọ̀RẸ́ ÀTI ÀWÌN

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń tú. Àǹtí á wá kí ọ, á gbé yẹtí sí etí, á wo dígí, á ní “èyí mà yẹ mí o”, á sì bá a lọ. Ta ló máa sọ pé àǹtí, owó ńkọ́? Àwa Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Bí yẹtí mẹ́fà bá lọ báyìí nínú oṣù kan, ojú owó tó bá a lọ jẹ́ ₦3,300. Èrè tó wà lórí yẹtí 18 tí o tà kò tíì tó láti dí ihò náà, a kò sì tíì mẹ́nu kan wákàtí mẹ́rin tí o fi ṣe wọ́n.

A kò sọ pé kí o má ta ẹbí lọ́rẹ. Ọ̀rẹ títa dára, a sì ròyìn Sàínábù ọmọ Jaṣì, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), pé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì ń fi owó rẹ̀ ṣe sàárà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé nínú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mú wá ló ti ń tọrẹ. Bí o bá fẹ́ fún àǹtí ní yẹtí, rà á lọ́wọ́ ara rẹ: mú ₦550 nínú agolo owó iṣẹ́, sọ ọ́ sínú agolo ojú owó, kí o wá fi ọkàn kan fún un. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yóò mọ iye ẹ̀bùn tí agbára rẹ̀ gbé lóṣù. Ohun kan tún wà tó ń ran ni lọ́wọ́: ya àwo kan sọ́tọ̀ fún àwọn èyí tí ó yẹ̀ díẹ̀ tí kò ṣeé tà ní iye kíkún, kí ó jẹ́ pé àwo yẹn ni wọ́n ń kàn bí wọ́n bá wọlé.

Ní ti àwìn, kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ, iye, ọjọ́ tó gbà á, ọjọ́ tó ṣèlérí. Àwọn kan ń tijú pé bí àwọn bá mú ìwé jáde, ọ̀rẹ́ á rò pé àwọn kò fọkàn tán òun. Āyà tó gùn jù nínú Al-Kùránì, ìkẹrìnlélọ́gọ́rin lé ní igba ó dín méjì, ìyẹn 282 nínú Súúrà Bákárà, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni. Bí Ọlọ́hun kò bá ka á sí ìwà àìnígbàgbọ́ láàárín ọmọ ìyá, ìwọ náà má kà á sí i.

ORÚKỌ TÓ WÀ LÁRA PÁÁLÍ

A ní a óò padà sórí idẹ. Idẹ tí a dán dáadáa, nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́, wúrà ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Oníbàárà á gbé e sókè, á ní “ṣé wúrà ni?” Ọ̀pọ̀ kì í parọ́ tààrà. Wọn á rẹ́rìn-ín. Wọn á ní “ó kàn jọ wúrà náà ni”. Nígbà míì wọn á dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ni a fẹ́ kìlọ̀ fún. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì oúnjẹ kan kọjá ní ọjà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tó tutù nísàlẹ̀. Ẹni tó ni ọjà kò tíì sọ̀rọ̀ kankan. Gbígbé tó gbé èyí tó gbẹ sókè ni Ànábì fi bá a wí gidigidi.

Kọ orúkọ wáyà sára páálí: Bàbà. Idẹ. Fàdákà 925. Bí ó bá jẹ́ bàbà tí a fi wúrà kùn lóde, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kíkùn náà á ṣá. Ẹni tí níkẹ́ẹ̀lì ń bá jà á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Arákùnrin tó ń wá òrùka náà ní láti mọ̀, nítorí wúrà kò tọ́ sí ọkùnrin Mùsùlùmí láti wọ̀, òrùka fàdákà sì wà fún un. Àwòrán tí o bá fi fóònù yà láti fi ránṣẹ́ náà wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí: yà á nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, fi ìka tàbí owó ẹyọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ènìyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó.

TA NI YÓÒ RÀ Á?

Ní Ìlọrin, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbẹ́ òkúta pupa kan, wọ́n ń lu ú, wọ́n ń dán an títí á fi di ìlẹ̀kẹ̀ tí a mọ̀ sí lántànà. Iṣẹ́ tó gbé orúkọ ìlú náà jìnnà ni. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òkèèrè tí kò wọ́n wá kún ọjà, iṣẹ́ náà rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí pẹ̀lú ìwọ àti ọ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó kún Balógun àti Gbági: bí o bá ní kí o bá wọn dín owó, wọn á tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe ni kí o tà. Ẹ̀rọ kò lè wọn ọwọ́ oníbàárà kí ó tó ṣe ẹ̀gbà. Kò lè bá ìyàwó tí wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ wá àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tó bá aṣọ mu. Kò lè tún èyí tó já ṣe. Àwọn glíláàsì Masaga ní Bídà ṣì ń yọ́ ìgò ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Rà nínú rẹ̀, kí o fi wáyà rẹ so ó, o ti ní ohun tí ẹlòmíràn kò ní lórí tábìlì.

Fún iṣẹ́ ìyàwó àti iṣẹ́ púpọ̀, gba àsansílẹ̀ tó lè ra gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà gbà. Bí kò bá sí ojú owó rárá láti fi bẹ̀rẹ̀, má sáré lọ yá owó èlé. Èsúsú láàárín ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá tó láti ra ìdì wáyà. Tàbí kí ẹnì kan mú owó wá, kí ìwọ mú iṣẹ́ wá, kí ẹ pín èrè bí ẹ bá ṣe fohùn ṣọ̀kan níbẹ̀rẹ̀. Mùdárábà nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí ọjà àti owó inú agolo bá tó iye gíráàmù 85 wúrà, tí ó sì pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ rẹ, ìdá kan nínú ogójì jẹ́ sàká. Ẹ̀mú àti òòlù kò sí nínú ìṣirò náà. Yẹtí tí o ti ṣe sílẹ̀ láti tà wà nínú rẹ̀.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ẸGBẸ́

Kí olúkúlùkù tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ì báà ṣe wáyà, aṣọ rírán tàbí oúnjẹ, mú ìwé owó rẹ̀ wá sí ìpàdé, kí ẹ sì yẹ èyí wò pọ̀: Arábìnrin kan gba ₦5,000 àsansílẹ̀ lórí ọ̀ṣọ́ ìyàwó. Ó fi ₦3,500 ra wáyà àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyàwó náà fúnra rẹ̀ yàn, ó ti ṣiṣẹ́ wákàtí méjì, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pé yìgì kò so mọ́, kí ó dá owó padà. Èló ni yóò dá padà, kí sì ni ó yẹ kí wọ́n ti jọ sọ ní ọjọ́ tó gba owó náà?